Ìdánwò Bàbá Ṣìjúadé

Ìgbà kẹta rèé tí Adégorúsọ, akọ̀wé kóòtù, jókòó níwájú ẹ̀rọ olùbéèrè ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀. Òbí tí kò bá yege nínú ìdánwò lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ ni yóò yan ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tò sójú fèrèsé, wọ́n ń gbàdúrà fún òbí wọn.

"Bàbá, ẹ má kánjú o!" ni Ṣìjúadé, ọmọbìnrin rẹ̀, ké. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni ọkàn rẹ̀ fà sí.

"Ṣé o tilẹ̀ fi bàbá rẹ sí lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́?" ni ọ̀rẹ́ Ṣìjúadé fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Adégorúsọ la oríṣi ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin tó wà yé ẹ̀rọ: ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò, tí ọmọ ń tilé lọ, èyí tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ti sáyẹ́ǹsì, àti ti iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí ìwé àti irinṣẹ́ ti jọ wà lórí tábìlì kan náà.

"Èwo ni ti olódo?" ni ẹ̀rọ bi í.

Ibí yìí ló ti ṣubú nígbà méjèèjì. Iṣẹ́ ọwọ́ ló dárúkọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, níṣojú rẹ̀ ni Ṣìjúadé ti tú ẹ̀rọ omi ilé tó bàjẹ́ palẹ̀, tó ṣe ìṣirò iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, tó sì tún un tò tí omi fi ń ṣàn.

"Kò sí," ni Adégorúsọ dáhùn.

"Ẹ kú oríire. Ta ni olùkọ́ yín?"

Adégorúsọ yíjú sí fèrèsé, ó ṣí fìlà lórí.

"Ọmọ mi ni. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi."