Ọ̀dà Ara Ìbọn Ìṣeré

Ilẹ̀ ti ń ṣú, Ládépò tó máa ń kun ìbọn oníke fáwọn tó ń ya sinimá sì ti fẹ́ẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí àlejò kan na ìbọn ìṣeré sí i.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi ha ọ̀dà àtijọ́ yìí kúrò, kẹ́ ẹ tún un kùn.”

Ládépò fi sáńpépà ha á. Òórùn ẹran tó ti rà gbà á nímú. Ọ̀dà náà ń ṣí bí èépá egbò, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Abẹ́ rẹ̀ rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, irun sì hù níbẹ̀.

Ládépò fa ọwọ́ sẹ́yìn. “Irú ìríra wo lẹ gbé wá bá mi yìí?”

Àlejò náà dijú, ó mí kanlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró. Ibi tó ń yún mi gan-an lẹ ń ha yẹn.”