Ìtọ̀ Ìdí Àga

Akọ̀wé mẹ́rì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, dé láti ibi iṣẹ́, ó ṣí àgádágodo tó fi ti ilẹ̀kùn láàárọ̀. Ìtọ̀ wà nídìí àga. Ó pòṣé, ó ki ọmọ ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi imú rẹ̀ nu ilẹ̀.

"Ọ̀bùn ajá oko. Oṣù kan ni mo ti ń kọ́ ọ, o ò gbọ́."

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, tó ti Idigny wá kí i lánàá.

"Ìyá, ẹ̀yin ará oko ò mọ ẹ̀kọ́ ilé."

Ọmọ ajá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sáré jáde lọ sídìí igi kajú. Ó pẹ́ kó tó tọ̀ tán.

Ìyá fa ìró rẹ̀ tó tutù bo orúnkún. "Òun ti gbọ́ ẹ̀kọ́. Èmi náà lo tì mọ́lé, ṣáláńgá sì wà níta."