Búrẹ́dì Ojú Fèrèsé

"Ẹ má fún mi lẹ́bùn yẹn mọ́, sà. Olè ni mí."

Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí àdúrà ilé ẹ̀kọ́ girama kan kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì Pásítọ̀ Fẹ̀hìntọlá, tòun ti gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lọ́rùn. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ààwẹ̀ gbà jù. Ìyá rẹ̀ ti wá láti Ìbàfò, ó ti gbé fóònù sókè, fọ́tò ló ń dúró dè.

"Kí lo jí?"

"Búrẹ́dì yín, sà. Gbogbo Wẹ́sidé tí a bá ń gbààwẹ̀, ẹ máa ń gbé e sójú fèrèsé yìí. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Tí ẹ bá wá ń wàásù nípa olè, èmi náà ni àmín mi ń ròkè jù."

Pásítọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èmi alátọ̀gbẹ yìí? Èmi kì í jẹ búrẹ́dì."

"Ta ló wá ni ín, sà?"

"Ọmọ kan tó dákú sórí ìlà àpéjọ àárọ̀ nígbà ààwẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ níbí."

Ọmọbìnrin náà ò lè gbójú sókè. Òun ló dákú lọ́jọ́ náà.

"Dìde. Màá ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn lẹ́bùn náà."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ó ku ẹ̀ṣẹ̀ kan, sà. Lọ́jọ́ kan, torí kò sí bọ́tà nínú búrẹ́dì náà rí, mo pe ẹni tó rà á ní ahun."

"Mo gbọ́," ni Pásítọ̀ wí. "Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra bọ́tà."