Ọ̀fun Tí Wọ́n Sin

"Tí wọ́n bá bi mí lónìí, mi ò ní purọ́ mọ́ o."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó sọ kẹ́yìn nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì. Ó ń mu omi gbígbóná lọ́wọ́. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn fi gbá ìyàwó náà pa lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn iléeṣẹ́, tòun ti káàdì lọ́wọ́.

Ibùdókọ̀ ojú irin ni ọkọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀ àtèyí tó ń lọ. Ọdún méjìlélógún ló ti lò nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Olóhùn Iyọ̀ sì ni tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè é. Iléeṣẹ́ ń tọ́jú òṣìṣẹ́ àti ìyàwó wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ohun tí dókítà bá kọ nípa òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ dé orí tábìlì ọ̀gá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyàwó ti lọ sí ilé ìwòsàn náà nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀fun kó tó di ọjọ́ náà. Kó tó lọ, tọkọtaya a jókòó sídìí tábìlì ìdáná, ọkọ a sì máa kọ́ ọ lóhun tó máa sọ, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní àkọ́sórí.

"Sọ pé ẹ̀yìn oúnjẹ ló ń ta. Sọ pé òwúrọ̀ ni ohùn ń há jù."

"Ti etí ńkọ́?"

"Fi ti etí sílẹ̀."

"Etí ọ̀tún ń ro, ká fi í sílẹ̀. Oúnjẹ ń há, ká fi í sílẹ̀. Kí ló wá kù, Olóhùn Iyọ̀? Ṣé kí n kàn kí dókítà kí n máa bọ̀ nílé ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ọkọ.

"Omi kíkan inú ni," ó ní. "Omi kíkan kì í pa èèyàn."

Dókítà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní omi kíkan ló ń ti inú gòkè wá ta ọ̀fun. Ó kọ oògùn, ó ní kò gbọdọ̀ sí àjẹsùn, kí wọ́n sì gbé ìrọ̀rí ga. "Ṣùgbọ́n bí ohùn bá há kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí oúnjẹ ń há, tí etí ẹ̀gbẹ́ kan ń ro, tí ara ń rù, ẹ má fi oògùn yìí tan ara yín jẹ o. Ẹ wá ká fi iná wo inú ọ̀fun."

Ìyàwó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé, kò yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Ọkọ gbọ́. Ó fi ìrọ̀rí lé ìrọ̀rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kọjá.

Nígbà tí wọ́n sin ìyàwó tán, àwọn ará ibi iṣẹ́ wá kí ọkọ.

"Ìtọ́jú ọ̀fun ló kúkú ń wá lọ," ọ̀kan nínú wọn wí.

"Ó ti parí," àgbà alárùú kan dáhùn. "Ohun yòówù tó wà nínú ọ̀fun yẹn, ilẹ̀ ti gbé e mì."

Olóhùn Iyọ̀ fẹ́ dúpẹ́, ohùn kò jáde. Wọ́n ní ẹkún ló gbà á lóhùn, kó sinmi nílé títí ohùn yóò fi padà. Kò lè wo ojú ẹnì kankan nínú wọn.

Àbúrò ìyàwó ló ń dáná fún un. Bí ó bá ṣe gbé abọ́ wọlé náà ló ń gbé e jáde. Omi ọbẹ̀ nìkan ló ń dín.

"Bùrọ̀dá, ẹ gbìyànjú. Ṣòkòtò ò dúró nídìí yín mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ rí báyìí."

Nígbà tí àwọn aládùúgbò béèrè, ó ní ìbànújẹ́ ni. Olóhùn Iyọ̀ gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó sì kọjú sí ògiri.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, dókítà ránṣẹ́ pé kó wá gba káàdì ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ kú àráfẹ́rakù, Bàbá." Dókítà ti ilẹ̀kùn. "Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ó dà bíi pé ó ní nǹkan kan tó fẹ́ sọ. Mo wò ó, ara rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, mo ní ó ti ń san nìyẹn. Mi ò fi iná wò ó. Ṣé ó sọ fún yín nílé pé etí ń ro òun?"

Kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Àwọn méjì péré ni. Iná tí wọ́n fi ń wo ọ̀fun so rọ̀ sára ògiri lẹ́bàá dókítà.

Olóhùn Iyọ̀ gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde.

"Rárá."

"Ẹ rọra," ni dókítà wí. "Ẹkún ló sọ yín dà báyìí."

Ó gba káàdì, ó sorí kọ́, ó jáde.

Káàdì náà wà lórí tábìlì ìdáná. Kò tíì gbé bàtà ilé ìyàwó rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì yọ ìrọ̀rí kankan lórí ibùsùn. Kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì sọ fún àbúrò ìyàwó ohun tó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé géètì yẹn.

Kò sì tíì la ẹnu kí ẹnikẹ́ni fi iná wo ọ̀fun náà, èyí tó jẹ́ ọ̀fun òun fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ kàn ń bá a gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ọ̀gá má baà gbọ́.