Bí Wọ́n Ṣe Já Bàbá Oyèníkẹ̀ẹ́ Lẹ́nu Oògùn

Irọ́ ni gbogbo ẹni tó ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí ládùúgbò ń pa; ojú èmi nìkan ló ṣe.

Ìjókòó Bàbá Oyèníkẹ̀ẹ́, èyí tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tó sì ń sọ̀rọ̀, ló figbe ta láàárọ̀: "Ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti ga o!" Àyà bàbá ń lù kì-kì-kì débi pé ìkòkò ń jó lórí sítóòfù, ewúrẹ́ ilé kejì sì sá wọgbó. Bàbá rò pé òun ń kú lọ.

Ìyàwó ẹ̀ sáré dé. "Kí lẹ ṣe?"

"Ìjókòó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti dáa fọ́dún kan. Mo bá pa oògùn tì níjẹta, mo lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tiẹ̀ jó!"

"Ẹ jó! Ṣé ọjọ́ kan la fi já Oyèníkẹ̀ẹ́ lẹ́nu ọmú ni?"

Bàbá rántí ẹkún ọmọ náà. "Oṣù mẹ́ta ni."

Nọ́ọ̀sì yọjú nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ara ògiri. "Bàbá, irú oògùn tiyín, díẹ̀díẹ̀ la fi ń fi í sílẹ̀. Ẹ lo tòní, kẹ́ ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Mo ti ń fò bọ̀."

Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ fún un lóògùn, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú títí àyà ẹ̀ fi rọlẹ̀. Látọjọ́ náà, bí dókítà ṣe ń ní kó dín in kù ló ń dín in, ìyá á sì dì í lọ́wọ́ mú láràárọ̀.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, bàbá ò tètè gbé e mì. "Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́, tí oògùn bá tán, ṣé wàá ṣì máa dì mí lọ́wọ́ mú?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn, ta ló fẹ́ já yín lẹ́nu ẹ̀?"

Ojú mi méjèèjì rèé. Ẹ gbà mí gbọ́, dandan ni!