Abẹ́rẹ́ Ológbò

Irun ológbò máa ń mú kí Ìbídùn sín títí ojú rẹ̀ á fi wú. Ṣùgbọ́n Yéwándé ọmọ rẹ̀ ti sunkún ológbò títí, ni Ìbídùn bá gbà láti gba abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí irun ológbò máa dà á láàmú mọ́.

"Ẹ má bẹ̀rù, Mà," ni nọ́ọ̀sì ilé ìtajà ológbò wí, ó sì gún un lẹ́yìn etí. "Láti òní lọ, ara yín ò ní bá ohunkóhun jà mọ́."

Lóòótọ́, ológbò tí wọ́n rà níbẹ̀ sùn sí Ìbídùn láyà lọ́jọ́ yẹn, Ìbídùn kò sì sín rárá.

Lọ́jọ́ kẹta, ológbò fi èékánná ha á lọ́wọ́. Ojú ibẹ̀ kò wú, kò sì dùn ún, ó sì gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ni Yéwándé fi ọwọ́ bo imú.

"Mọ́mì, ọwọ́ yín ń rùn."

Ìka méjì ti dúdú. Wọ́n sáré padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn ló ti jókòó síbẹ̀, tí wọ́n gbé ológbò lé ẹsẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ di ọwọ́. Kò sí ẹni tó ń kérora.

"Ẹ bá mi yọ oògùn abẹ́rẹ́ yẹn kúrò lára," ni Ìbídùn wí.

"Ara tó ti gbàgbé ìjà, Mà, a ò tíì mọ bí a ṣe lè rán an létí."

Yéwándé sín lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín sí i, ó sì na ọwọ́ sí àpótí abẹ́rẹ́.

Ìbídùn fi ọwọ́ rẹ̀ kejì gbá ọmọ náà mú, wọ́n sì sá jáde.