Ẹ̀jẹ̀ Rùfáì Nínú Ìwé Sàlàkọ́

Ní Gonzagueville, ní Abidjan, bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kan ní kí aládùúgbò òun máa gba àyẹ̀wò ìlera ní orúkọ òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà nílé, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Sàlàkọ́ ni orúkọ bàbá náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń ta ìkòkò ní ọjà Adjamé láti ogójì ọdún. Mẹ́rì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ilé ìwòsàn. Mẹ́rì kọ orúkọ àwọn tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin, ó sì pèsè ọkọ̀. Ilé ìwòsàn yan nọ́ọ̀sì tí yóò máa lọ yẹ̀ wọ́n wò láti ilé dé ilé. Sandrine ni nọ́ọ̀sì àdúgbò Sàlàkọ́, Ọjọ́rú sì ni ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́rú náà ni ẹrù tuntun ń dé sí Adjamé.

"Èmi ni wọ́n kọ mọ́ àwọn arúgbó?" Sàlàkọ́ fárí gá. "Èmi tí mò ń gbé ìkòkò irin lórí! Rùfáì, bá mi jókòó dè wọ́n. Ṣebí apá ni wọ́n fẹ́ wọ̀n?"

Rùfáì aládùúgbò rẹ̀, télọ̀ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, kò tíì dàgbà tó ẹni tí mẹ́rì ń kọ. Inú rẹ̀ dùn gan-an. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá pè mí ní Pàpá Sàlàkọ́, màá dá a lóhùn!"

Kàdíjátù, ìyàwó Sàlàkọ́, máa ń lọ sọ́jà Treichville kí Sandrine tó dé, kò sì mọ nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ á máa yangàn: "Nọ́ọ̀sì ní ọkàn mi ń ṣiṣẹ́ bíi ti ọmọ ogún ọdún."

Ní Ọjọ́rú kẹrin, Sandrine gba ẹ̀jẹ̀ lára Rùfáì. Lọ́jọ́ kejì, ilé ìwòsàn pe Fausiatou, ọmọ Sàlàkọ́ tó ń gbé ní Riviera, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti ga jù, kó tètè wá gba oògùn, kó má fẹnu kan ohun dídùn. Fausiatou pe ìyá rẹ̀. Kàdíjátù kó ṣúgà, mílíìkì dídùn àti búrẹ́dì sínú àpótí, ó sì tì í.

"Kàdíjà, ṣíbí kan péré."

"Ṣíbí kan kí ni? Ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Omi wà ńbẹ̀, ẹ mu omi."

Sàlàkọ́ ní òun ń lọ sí ilé ìwòsàn; ọjà ló lọ. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Rùfáì ni. Ẹ gbọ́ o, ó mọ̀! Àmọ́ ó ń tijú pé ìyàwó òun yóò pe òun ní òpùrọ́. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọjọ́ mẹ́fà. Ní àràárọ̀, Rùfáì á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa da mílíìkì dídùn sínú tíì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rù! Ẹ wá mu díẹ̀ níbí."

Sàlàkọ́ á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó di Ọjọ́rú karùn-ún, Sàlàkọ́ ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Rùfáì bu omi mu, ó tún bu omíràn, ó tún bu ẹ̀kẹta, ó sì ṣubú lulẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ mẹ́rì dé. Sandrine sáré wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ń gbọn èjìká ẹni tó ṣubú.

"Pàpá Sàlàkọ́! Pàpá Sàlàkọ́!"

Ọ̀nà Adjamé ṣí sílẹ̀ níwájú Sàlàkọ́. Kò lọ. Ó ju báàgì sílẹ̀.

"Èmi ni Sàlàkọ́. Rùfáì nìyẹn. Òun ló ni ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ mẹ́fà."

Sandrine wò ó. "Ẹ wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì."

Kí oòrùn tó wọ̀, Rùfáì ti la ojú ní ilé ìwòsàn. Ó rí Sàlàkọ́ tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀gbọ́n, ta gan-an ni wọ́n ń tọ́jú níbí, èmi àbí ẹ̀yin?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Sandrine wá so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ apá Sàlàkọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí kò yẹ kó ju mẹ́tàlá lọ bí wọ́n ṣe ń kà á ní Abidjan, ti di méjìdínlógún.

Kàdíjátù, tó ti Treichville sáré wá, di ìbàdí mú. "Ọkàn ọmọ ogún ọdún náà dà?"

Rùfáì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ẹ kíyè sára. Nígbà tí wọ́n bá wá wo bàbá yín, ẹ rí i pé bàbá yín ni wọ́n wò. Ẹ má fi ara ẹlòmíràn dípò tiyín, ẹ má sì torí ìtìjú pa òtítọ́ mọ́ nígbà tí ẹ̀mí ẹnìkan wà lórí rẹ̀.

Mẹ́rì ti ṣí ìwé tuntun fún Rùfáì nítorí àìsàn rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì pé ọdún márùndínláàádọ́rin. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ṣúgà Rùfáì àti ti iyọ̀ Sàlàkọ́ wà lọ́wọ́ Kàdíjátù. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ìfúnpá Sàlàkọ́ ti wálẹ̀ sí mẹ́rìnlá, ṣúgà Rùfáì sì ti lọ sílẹ̀.